Àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí Sìfáwù

Odò kan wà nínú yàrá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́
tí ojú lásán kò lè rí.
Kò ní ẹja, kò ní ọ̀pọ̀lọ́,
fífẹ̀ rẹ̀ kò tó irun orí kan ṣoṣo.
Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á:
mo da rọ́bà olómi sínú àwo, mo yan án bí ẹni ń yan búrẹ́dì,
mo bó o, mo lu ihò méjì sí i,
ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tí omi ń gbà jáde.
Etí odò náà ni mo ní kí sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn tẹ̀dó sí,
mo ń fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru.

Ẹ má rò pé eré ni.
Ẹyọ atẹ́gùn kan, roboto bí ẹyin eèrà,
bó bá yọ́ wọ odò yẹn, abúlé parun.
Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí iná lọ,
bàtà ẹsẹ̀ kan ni Tìámíyù fi sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Nítorí epo èèpo kajú ni gbogbo rẹ̀.
Àǹtí Sìfáwù, àbúrò ìyá mi,
ó pa kajú fún ọdún mẹ́sàn-án ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn Tákìé.
Epo náà dúdú, ó ki,
ó ń jẹ awọ bí iná tí kò ní èéfín.
Ní báǹkì, ẹ̀rọ wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ó ní òun kò rí ìlà kankan.

Mo da epo náà sódò, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.
Ọjọ́ kìíní, sẹ́ẹ̀lì ń dán.
Ọjọ́ kẹta, wọ́n ń dán sí i.
Tìámíyù pàtẹ́wọ́. Dókítà Oyèkànmí ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀:
“Kò léwu.”
Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo mú bírò,
bírò náà wúwo.
Àtẹ́lẹwọ́ tó máa ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré,
tó ń dán bọ̀rọ́ bí ìdí abọ́,
ta ló wá fọ̀ ọ́ mọ́?

Mo gé rọ́bà náà wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì.
Nígbà tó di àárọ̀, sípíríìtì ti pọ́n bí omi àgbàrá.
Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.
Ògiri tèmi lanu, ó gbé epo mì,
ó nu ẹnu nù, ó ṣe bí ẹni kò jẹun.
Epo kò dé abúlé rárá.
Àwọn tí mo rò pé wọ́n la ogun já,
ogun kò wá bá wọn ni.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Dígí ni mo fi mọ ògiri lọ́tẹ̀ yìí.
Dígí le, ó ń fọ́, ó gé mi níka lẹ́ẹ̀mejì.
Odò mẹ́ta fún epo, odò mẹ́ta tí kò lépo rárá,
kí n lè mọ̀ bóyá epo ló pa wọ́n tàbí èmi ni.
Mo ṣe é lọ́jọ́ Ajé, mo ṣe é lọ́jọ́bọ̀,
Tìámíyù ṣe é lẹ́yìn mi, mi ò sọ odò tó lépo fún un.
Òótọ́ kì í yí ohùn padà nítorí pé ọwọ́ yí padà.

Wọ́n kú. Níbi tí epo dé nìkan.
Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Mo mú Àǹtí wá, ó tẹjú mọ́ maikirosikóòpù,
ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.
“Ṣebí mo ti sọ fún yín láti ọdún kẹta.”
Ó wo ìwé tí mo tẹ̀ jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn:
“Ṣé èyí lè ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn tó kù níbẹ̀?”

Mi ò fèsì. Mo ń fi aṣọ nu dígí.